Ẹ Má Ṣe Fi Ìfẹ́ De Aláìsàn Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ti wọ̀.

Bí bàbá bá ti ilé ìwòsàn dé, tí apá rẹ̀ ọ̀tún kò gbéra mọ́, ìyàwó a máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, ọmọ a máa wẹ̀ ẹ́, àbúrò a máa wọ̀ ọ́ láṣọ. Ìtọ́jú ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a kò lò, a máa gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé kì í ṣe ọwọ́ ni àìsàn yìí bá jà, ọpọlọ ni. Ìhà òsì ọpọlọ ni í darí apá ọ̀tún, ìhà ọ̀tún ni í darí apá òsì. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibì kan nínú ọpọlọ, tàbí bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá bẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ kò ní rí àṣẹ gbà mọ́. Síbẹ̀, ibi tó kù lè kọ́ iṣẹ́ náà, bí a bá ń ṣe é ní àṣetúnṣe.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kọ́ aláìsàn ní iṣẹ́ òòjọ́ padà: jíjẹun, wíwẹ̀, wíwọṣọ. Occupational therapist ni òyìnbó ń pè wọ́n. Wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ẹ bèèrè wọn ní ilé ìwòsàn ńlá.

Nínú ilé ńkọ́? Apá tó rọ ni kí ó kọ́kọ́ ki bọ ẹ̀wù. Bí ó bá ń bọ́ ọ, kí ó kọ́kọ́ yọ apá tó lágbára. Ẹ fi aṣọ wé ìdí ṣíbí kí ó lè nípọn, ẹ tẹ́ aṣọ tó rin sábẹ́ àwo kí ó má baà yọ̀. Ẹ gbé àpótí sí balùwẹ̀ kí ó jókòó wẹ̀, kí ènìyàn sì wà nítòsí. Ẹ má ṣe fa apá tó rọ láti fi gbé e dìde, èjìká lè yẹ̀.

Àlùwàlá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ó jókòó, kí ó fi ọwọ́ tó lágbára bu omi. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dé ni kí ẹ bá a dé. Bí kò lè dúró, kí ó jókòó kírun.

Bí bọ́tìnnì kan bá gbà á ní àkókò gígùn, ẹ ṣe sùúrù, ẹ má já a gbà. Ẹ̀sọ̀-ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi í gungi. Bàbá tó bu òkèlè fúnra rẹ̀ lónìí mọ̀ pé òun ṣì ni bàbá nínú ilé. Kí Ọlọ́run fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.