ONÍGBÈSÈ ÀTI OLÙRÀNLỌ́WỌ́ TÍ A KÒ RÁNṢẸ́ PÈ

Ní ayé àtijọ́, bí gbèsè bá di èyí tí a kò rí san, olówó a máa rán ológò lọ sí ilé onígbèsè. Ológò yóò jókòó ti onílé, yóò máa jẹ, yóò máa mu, yóò sì máa pariwo, títí tí ìtìjú yóò fi mú kí ẹbí wá owó náà jáde. Lóde òní, ológò ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ inú fóònù lọ. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ẹlòmíràn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, tí ó ń pe ara rẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ìgbẹsà, Agbára, Lùsádà àti Ṣàngó-Ọ̀tà gbọ̀ngbọ̀n. Ní December 2024, ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba sọ pé owó ọjà fi ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Owó-oṣù kò sì lè bá ọjà sáré. Òṣìṣẹ́ tí ó yá owó orí fóònù láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ, tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó san án tán, kò ní pẹ́ rí àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí. Ọ̀kan yóò ní òun yóò yá a ní owó mìíràn tí yóò fi san ti àkọ́kọ́. Èkejì yóò ní òun yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìwé àwọn onígbèsè. Ẹ̀kẹta yóò ní òun yóò bá a bẹ olówó, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi owó ìwé ránṣẹ́.

Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Ẹni tí ó ń fi gbèsè elélé san gbèsè elélé, kòtò ni ó ń gbẹ́ láti fi dí kòtò. Àkọsílẹ̀ gbèsè tí ó jẹ́ òtítọ́ sì wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ fún ní àṣẹ; àjèjì kankan kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, onígbèsè fúnra rẹ̀ ni ó ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tún un ṣe. Ní ti ẹni tí ó ń gba owó lọ́wọ́ aláìní kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó ti fi ara rẹ̀ hàn.

Kí ni ó wá ń mú kí àwọn ọlọ́gbọ́n kó sí irú pańpẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìtìjú ni. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àwọn ayánilówó kan mọ̀ pé ikú yá ju ẹ̀sín lójú Yorùbá, wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí àna, sí ọ̀gá, àní sí lèmọ́mù ẹni tí ó jẹ wọ́n lówó. Ní August 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ní March 2022, àjọ FCCPC tí ó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà. Ní July 2025, àjọ náà gbé ìlànà tuntun jáde, èyí tí ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 100 náírà. Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin kò lè gba ẹni tí ó dákẹ́ sílẹ̀.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Ìlú Ọba, àwọn kan a máa wá onígbèsè kiri, wọn a sì tà á fún ilé-iṣẹ́ mìíràn gba owó. Láti October 2023 ni àjọ FCA ti fòfin de irú owó bẹ́ẹ̀ pátápátá. Láti May 2021 sì ni onígbèsè tí ó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹni tí ó ní àṣẹ ní England àti Wales ti lè rí ọjọ́ 60 fi mí, tí olówó kò ní yọ ọ́ lẹ́nu.

Ìsinmi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun nínú ẹ̀sìn Islam. Nínú Sūratul-Baqarah, áyà 280, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a fún onígbèsè tí nǹkan nira fún ní àsìkò, Ó sì fi hàn pé ìdáríjì gbèsè náà lóore jù. Ìtàn fi hàn nínú Ṣaḥīḥ Muslim pé ọkùnrin kan pàdánù lórí èso tí ó rà, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí àwọn ènìyàn ṣe sàráà fún un. Nígbà tí sàráà náà kò tó, ó ní kí àwọn olówó gba èyí tí ó wà, kò sì sí òmíràn fún wọn. Gbangba ni wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ náà, láàárín àwọn tí ó mọ ọkùnrin náà.

Ohun tí ó tọ́ kí onígbèsè ṣe kò le. Kí ó kọ gbogbo gbèsè rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tọ olówó rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú iye tí ó lè san lóṣooṣù, kí wọ́n sì kọ àdéhùn náà sínú ìwé. Kí ó fi ọ̀rọ̀ náà STOP ránṣẹ́ sí 2442, kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó lè dáwọ́ dúró. Àwọn tí ó bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, kí ó má ṣe fún wọn ní nọ́ńbà BVN tàbí nọ́ńbà àṣírí káàdì rẹ̀. Kí ó tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, kí ó sì fi ẹjọ́ sun FCCPC. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 fún un ní ẹ̀tọ́ láti kọ ìpolówó tí kò béèrè fún.

Iṣẹ́ wà lọ́rùn mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú. Sūratut-Tawbah, áyà 60, ka onígbèsè mọ́ àwọn mẹ́jọ tí Sàká tọ́ sí. Bí ó bá rọrùn fún ọ̀dọ́ láti sọ àṣírí gbèsè rẹ̀ fún àjèjì orí fóònù ju kí ó sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ Sàká àdúgbò rẹ̀ lọ, ìgbìmọ̀ náà ní ìbéèrè láti dáhùn. Kí wọ́n yan àgbà méjì tí ẹnu wọn kì í yà, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí onígbèsè lè bá sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tí wọn yóò sì bá a dé ọ̀dọ̀ olówó. Níbi tí ìyẹn bá wà, olùrànlọ́wọ́ tí a kò ránṣẹ́ pè kò ní rí ilẹ̀kùn wọlé.

Kí Ọlọ́hun tú ìdè gbèsè kúrò lọ́rùn gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Āmīn.