Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Máa Wo Sinimá Tí Ó Dá Lórí Àjẹ́?

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá ń fi ẹnu yẹpẹrẹ sọ. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé bí òbí bá bá ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìdí sinimá nípa ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ àjẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni kí ó pa ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé irú sinimá bẹ́ẹ̀ ń ba ọmọ jẹ́. Èmi kò fara mọ́ èrò yìí. Ní tèmi, mo gbà pé bí irú sinimá bẹ́ẹ̀ bá dára, tí ọmọ tí ń wò ó sì ti tó ọjọ́ orí tí ó yẹ, ẹ̀kọ́ ni yóò jẹ́ fún ọmọ, yóò sì jẹ́ ìkìlọ̀ fún àgbà. Ọ̀kan nínú wọn ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ rẹ̀ ni The Craft. Andrew Fleming ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1996.

Ìlú Los Angeles ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí ó ń jẹ́ Sarah bá bàbá rẹ̀ àti ìyàwó bàbá rẹ̀ kó dé láti San Francisco. Ìgbà tí wọ́n bí Sarah ni ìyá rẹ̀ kú. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tí wọ́n fi í sí, ó di ọ̀rẹ́ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ń sá fún: Nancy, Bonnie àti Rochelle. Àwọn mẹ́ta yìí ti ń fi àbẹ́là àti ìwé kọ́ iṣẹ́ àjẹ́. Ẹnì kẹrin tí yóò mú ẹgbẹ́ wọn pé ni wọ́n ń wá. Wọn kò mọ̀ pé agbára tí Sarah ní jẹ́ èyí tí a bí mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́rin, ohun tí wọ́n bá tọrọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí àwọn ọmọ yìí fi ń wá agbára. Àpá iná bo ẹ̀yìn Bonnie, ojú sì ń tì í láti bọ́ aṣọ níwájú ẹnikẹ́ni. Rochelle jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìwẹ̀ odò, akẹ́kọ̀ọ́ funfun kan tí ó ń jẹ́ Laura máa ń fi irun orí rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Inú òṣì ni Nancy àti ìyá rẹ̀ ń gbé, ọkọ ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òǹrorò. Ní ti Sarah, ọmọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Chris ni ó pa irọ́ mọ́ ọn káàkiri ilé-ẹ̀kọ́ pé òun ti bá a sùn. Nínú gbogbo ìyà yìí, a kò rí àgbà kan tí ó bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa sì wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tí kò rí ẹni gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ nílé, níta ni yóò ti wá ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Òbí tí ó bá wo sinimá yìí dáadáa yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọmọ tirẹ̀ rí ẹni rojọ́ fún.

Lẹ́yìn èyí, sinimá náà fi hàn gbangba pé agbára láìsí ìwà kò lè pẹ́ kí ó tó di ìparun. Àpá ara Bonnie san, ṣùgbọ́n ìgbéraga gba ipò ìtìjú lọ́kàn rẹ̀. Irun orí Laura ń re. Nígbà tí Rochelle sì rí i tí ó ń sunkún, kò lè fi ọ̀tá rẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́. Ìfẹ́ tí Sarah tọrọ lọ́dọ̀ Chris di wèrè sí ọmọkùnrin náà lára, débi pé ó fẹ́ fi ipá bá Sarah lò pọ̀. Ọkọ ìyá Nancy kú lójijì, owó inṣọ́ránsì rẹ̀ sì sọ ìyá àti ọmọ di olówó, síbẹ̀ ọkàn Nancy kò balẹ̀. Ó ń wá agbára kún agbára títí ó fi pa Chris. Nígbà tí ìtàn yóò fi parí, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ni a ti bá a, wọ́n dè é mọ́ ibùsùn. Obìnrin tí ó ni ilé ìtajà tí wọ́n ti ń wá ìwé àti àbẹ́là wọn ti kìlọ̀ pé ohun tí ènìyàn bá ṣe sí ẹlòmíràn yóò padà sí i lára ní ìlọ́po mẹ́ta. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹ̀kọ́ yìí? Ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Bákan náà, ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òótọ́ ni pé Sarah bá wọn rìn, ó sì bá wọn ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ibi tí ọ̀nà náà ń lọ, ó kọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ejò àti kòkòrò dẹ́rù bà á nínú ilé bàbá rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ mú kí ó gbà pé àwọn òbí rẹ̀ ti kú, síbẹ̀ kò padà sẹ́yìn. Láti sọ pé 'rárá' fún ẹgbẹ́ ẹni kò rọrùn fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún. Ó dára kí ọ̀dọ́ rí ẹni tí ó sọ ọ́.

Àwọn tí wọ́n lòdì sí irú sinimá yìí máa ń sọ pé yóò fa ọmọ sínú àjẹ́. Ṣùgbọ́n àjẹ́ inú sinimá yìí kì í ṣe àjẹ́ tí àwọn àgbà wa ń sọ. Inú ẹ̀sìn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Wicca ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀sìn náà ti di mímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé òfin àjẹ́ wọn ní ọdún 1951, tí Gerald Gardner sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1954. Manon, òrìṣà tí àwọn ọmọbìnrin náà ń ké pè, kò sí níbì kan. Àwọn tí wọ́n ṣe sinimá náà ni wọ́n hùmọ̀ rẹ̀. Báwo ni ọmọ yóò ṣe di àjẹ́ nípa pípe orúkọ tí a fi orí rò?

Wọ́n tún máa ń sọ pé ìwà ipá inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọdé. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ níhìn-ín. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, wọ́n fi The Craft sí ìpele tí ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 17 kò gbọdọ̀ wò ó ní ilé sinimá láìsí òbí tàbí alágbàtọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àwa náà ní Nàìjíríà ní àjọ tí ń yẹ fíìmù wò, èyí tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, tí ó sì ń sọ irú ọjọ́ orí tí fíìmù kọ̀ọ̀kan yẹ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí ọmọ tó ọjọ́ orí kí ó tó wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a ní kí ọmọ dúró dìgbà tí ó bá dàgbà, ọ̀tọ̀ ni kí a fòfin dè é pátápátá. Òbí lè pa ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán inú pálọ̀, ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tí a kò bá bá a wò, òun nìkan ni yóò wò ó, kò sì ní rí ẹni bi léèrè.

Ewu tí ó tóbi jù lọ, lójú tèmi, kì í ṣe pé ọmọ yóò wo sinimá kí ó sì di àjẹ́. Ewu náà ni pé àgbà yóò wo sinimá tán, yóò sì máa fi ojú inú rẹ̀ wo ọmọ tí ó wà nílé. Yorùbá a máa wí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Òwe ni èyí. Kì í ṣe ẹ̀rí ní ilé ẹjọ́. Ní orílẹ̀-èdè wa yìí, wọ́n ti pe àwọn ọmọ kéékèèké ní àjẹ́, wọ́n ti nà wọ́n, wọ́n sì ti lé wọn sí ìgboro. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 2008 fi sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọ ní àjẹ́. Ọmọ tí ó dákẹ́ jù, ọmọ aláìníyàá, ọmọ tí àpá wà lára rẹ̀, irú wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí. Irú wọn náà ni Sarah àti Bonnie. Ẹni tí ó bá ti káàánú wọn nínú sinimá kò ní tètè sọ òkò lu irú wọn ní àdúgbò.

Ní ìparí, pẹ̀lú àwọn ìdí tí mo ti là sílẹ̀ yìí, mo gbà pé ó yẹ kí ọ̀dọ́ tí ó ti tó ọjọ́ orí máa wo irú sinimá bẹ́ẹ̀, kí òbí tàbí olùkọ́ sì wà níbẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kí a kọ́ ọ pé eré ni eré ń jẹ́, kí a sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé bí ìyà bá ń jẹ ẹ́, etí wa ṣí sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ nílé kò ní fi àbẹ́là wá agbára kiri.