Ilé Làbọ̀ Ìsinmi Oko: Bí A Ṣe Ń Gbá Bésíbọ́ọ̀lù

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ bọ́ọ̀lù ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́, àfẹsẹ̀gbá ni ọkàn gbogbo wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n a ní ìbátan ní òkè òkun tí ọkàn tiwọn kì í lọ síbẹ̀. Ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ti di ẹni tí à ń pè ní Lùkùmí, bésíbọ́ọ̀lù ni eré tí tọmọdé tàgbà fẹ́ràn jù. Pelota ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Eré yìí máa ń rú ẹni tó kọ́kọ́ rí i lójú, bẹ́ẹ̀ òwe wa kan ṣoṣo tó láti là á yé ènìyàn: ilé làbọ̀ ìsinmi oko.

Igun mẹ́rin ni pápá eré náà ní. Ọ̀kan nínú wọn ni ilé. Mẹ́ta yòókù ni ibùdó kìíní, ibùdó kejì àti ibùdó kẹta. Mítà 27 àti díẹ̀ ló wà láàárín igun kan sí èkejì. Ẹgbẹ́ méjì ló ń figagbága, ènìyàn 9 ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹgbẹ́ kan ti ń gbá, èkejì ń ṣọ́ pápá. Ẹni tó ń gbá yóò dúró ní ilé pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù, yóò ju igi sílẹ̀, yóò sá lọ sí ibùdó kìíní, yóò sì máa wá ọ̀nà láti ibùdó dé ibùdó títí yóò fi padà sí ilé. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ ilé ló gba àmì kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó dé ibùdó kẹta tí kò délé, òfo ló mú bọ̀.

Àwọn aṣọ́pápá kò ní jẹ́ kí ìrìnàjò náà rọrùn. Ajùbọ́ọ̀lù dúró ní àárín pápá, ó fi mítà 18 àti díẹ̀ jìnnà sí ilé. Bọ́ọ̀lù tó bá jù gbọ́dọ̀ gba orí ilé kọjá, láàárín orúnkún àti àyà ẹni tó ń gbá. Bí ẹni náà bá ju igi tí kò ba bọ́ọ̀lù, tàbí tó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù rere kọjá lójú rẹ̀, a ka ìtàsé kan sí i lọ́rùn. Bí ìtàsé bá pé mẹ́ta, ó jáde. Bí ó bá sì jẹ́ pé ajùbọ́ọ̀lù ló ju èyí tí kò dára lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹni tó ń gbá yóò rọra rìn lọ sí ibùdó kìíní láìsí ìdíwọ́.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ènìyàn fi ń jáde. Bí aṣọ́pápá bá hán bọ́ọ̀lù tí ó gbá kí ó tó kan ilẹ̀, ó jáde. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣáájú rẹ̀ dé ibùdó kìíní, ó jáde. Bí wọ́n bá fi bọ́ọ̀lù kàn án lára nígbà tí kò sí lórí ibùdó, ó jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri iwájú pápá, òun àti gbogbo ẹni tó ń dúró ní ibùdó yóò fi ẹ̀sọ̀ rìn wálé. Nígbà tí ènìyàn mẹ́ta bá ti jáde, ẹgbẹ́ méjèèjì yóò pààrọ̀ ipò. Abala 9 ni eré kan, kò sì sí aago tó ń fòpin sí i. Bí àmì wọn bá dọ́gba, wọn yóò máa gbá a lọ títí a ó fi mọ olúborí.

Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí yóò wu àwọn àgbà wa. Nígbà mìíràn, ẹni tó ń gbá yóò mọ̀ọ́mọ̀ fi igi kan bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ kí ó já sílẹ̀ nítòsí. Ó mọ̀ pé òun yóò jáde, ṣùgbọ́n ẹnìkejì rẹ̀ yóò ti ibẹ̀ sún mọ́ ilé. Ìrúbọ ni wọ́n ń pè é.

Ní ti ohun èlò, bọ́ọ̀lù náà kéré: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn gíráàmù 145, awọ funfun tí a fi òwú pupa rán sì ni a fi bò ó. Igi ìgbábọ́ọ̀lù tẹ́ẹ́rẹ́ níbi ìdìmú, ó sì nípọn lórí. Aṣọ́pápá kọ̀ọ̀kan ní ìbọ̀wọ́ aláwọ ńlá kan. Ẹni tó ń gbá a máa dé akoto, nítorí bọ́ọ̀lù náà le, ó sì yára. Ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé tún ní ìbojú onírin, ìgbàyà àti ohun tí a fi ń bo ojúgun. Gbogbo èyí ń ná ènìyàn lówó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Amẹ́ríkà dé ló mú eré náà wọ Kúbà ní nǹkan bí ọdún 1860 sí 1870. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1874, a gbá eré kan tí ìtàn kò gbàgbé ní Palmar de Junco, ní Matanzas, ìlú tí ìlù bàtá àti orin Lùkùmí ti fìdí múlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọdún 12 ṣì kù kí oko ẹrú tó dópin ní Kúbà. Àwọn tí a kó kúrò nílé, tí kò rọ́nà padà, ni ọmọ wọn wá fẹ́ràn eré tí gbogbo èrè rẹ̀ wà nínú pípadà sílé.

Agbègbè Matanzas náà ni a ti bí Martín Dihigo, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó lè dúró ní ipò yòówù lórí pápá. Kò gbá nínú ìdíje ńlá Amẹ́ríkà rí, nítorí títí di ọdún 1947, wọn kì í gba aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ó kú ní ọdún 1971. Ọdún 1977 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni eré náà.

Àwọn ọmọ Kúbà tí kò rówó ra igi àti ìbọ̀wọ́ kò torí ìyẹn jókòó. Wọ́n ń gbá tiwọn ní ìgboro, wọ́n sì sọ ọ́ ní cuatro esquinas, èyí tó túmọ̀ sí igun mẹ́rin. Láti ara rẹ̀ ni àjọ àgbáyé ti ṣe Baseball5. Bọ́ọ̀lù rọ́bà kan péré ni ohun èlò rẹ̀. Ènìyàn 5 ló wà ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, abala 5 ni wọ́n ń gbá, mítà 13 ló sì wà láàárín ibùdó. Kò sí ajùbọ́ọ̀lù: ẹni tó ń gbá yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tàbí ẹ̀ṣẹ́ lu bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin ló jọ ń gbá a. Kúbà ló gba ife àgbáyé rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 2022. Ó sì wà lára eré tí a yàn fún Ìdíje Òlíńpíìkì àwọn Ọ̀dọ́ ti ọdún 2026 ní Dakar, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má sọ pé owó ni kò sí. Ẹ fa igun mẹ́rin sílẹ̀ ní àgbàlá ilé ìwé, ẹ pe àwọn àbúrò yín, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ wá bọ́ọ̀lù rọ́bà kan. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí igun tí í ṣe ilé.