Àwòrán ṣákiṣàki Kumasi: Kò sí ohun tó burú nínú lẹ́búlẹ́bú pákó, àmọ́ ẹ sọ fún oníbàárà

Lójú àwòrán Ablade Glover, ọ̀dà ga bí ebè. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ni baba náà, tí wọ́n bí lọ́dún 1934, sábà máa ń fi to ọ̀dà léra wọn, títí tí èrò ọjà yóò fi yọ jáde nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ni ní fásitì KNUST nílùú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1994.

Ọ̀dà elépo ni Glover ń lò ní tirẹ̀. Èyí tó bá nípọn nínú rẹ̀ lè lo oṣù mélòó kan kó tó gbẹ dénú, ọ̀dọ́ tó sì fẹ́ san owó ilé lóṣù yìí kò lè dúró dè é. Ìdí nìyí tí acrylic, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò, fi wúlò fún un. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí omi inú acrylic bá ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń sún kì. Àwọn òyìnbó ní àpòpọ̀ tí wọ́n ń tà láti mú un nípọn, àmọ́ owó dọ́là ló ń pinnu iye rẹ̀ ní sídì.

Kumasi kúkú jẹ́ ìlú onípákó. Ní Sokoban Wood Village, lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń dà sílẹ̀ kò níye. Ayàwòrán tó bá fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà pò ó ti rí ohun tí yóò fi gbé ọ̀dà ró. Àwọn kan lè pe èyí ní iṣẹ́ òtòṣì. Irọ́ ni. Gọ́ọ̀mù ni Jimoh Buraimoh fi lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àwòrán ní Òṣogbo láti àwọn ọdún 1960, ìdérí ìgò ọtí sì ni El Anatsui, tó kàwé ní Kumasi, fi di ìlú mọ̀ọ́ká káàkiri àgbáyé.

Ibi tí ẹjọ́ wà ni pé lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń fa gọ́ọ̀mù mu. Bó bá pọ̀ jù, yóò máa bọ́ sílẹ̀ bíi gàrí. Bí kò bá gbẹ dáadáa kí wọ́n tó lò ó, ọ̀rinrin ìgbà òjò yóò mú kó hu èbu. Bí wọ́n bá sì rọ́ gbogbo rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òkè yóò gbẹ, inú yóò ṣì tutù, ojú rẹ̀ yóò sì sán. Kí wọ́n jọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a, kí wọ́n máa kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Orí pákó ló sì dára jù, nítorí pé kánfáàsì máa ń tẹ̀.

Ẹni tó ra irú àwòrán yìí, tó ká a bí ẹní sínú báàgì lọ sí London, kò mọ gbogbo èyí. Òtútù sì máa ń mú kí acrylic le gan-an. Bó bá tú u lóṣù Kínní, tó rí i pé ó ti ya, kò ní dá báàgì lẹ́bi. Yóò ní iṣẹ́ Kumasi kò dáa, yóò sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ìyẹn máa pa lára ni ayàwòrán mìíràn tí kò tíì ta ọjà kankan.

Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ láti kọ ọ́ sẹ́yìn àwòrán pé: acrylic, gọ́ọ̀mù, lẹ́búlẹ́bú pákó, ẹ má ṣe ká a.