Ilé Onílé Ń Jó, A Ń Wọn Ibẹ̀ fún Títì

Àwọn àgbà wa ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ó níbi tí a ti í pa á. Ọba ló ni ilé tó jó nínú òwe yẹn, ọba náà ló sì tún un kọ́. Bí ilé aládùúgbò ẹni bá ń jó, tí òun àti aya àti ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀, ta ni yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí yóò máa yọ̀ pé iná náà fún òun láàyè láti la títì gba àárín ilé onílé kọjá sí ọjà? Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe gan-an nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ òkun yìnyín tó wà ní òkè àríwá Kánádà, ilẹ̀ tí a ń gbé yìí.

A ń gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n, a ń kà á nínú ìwé ìròyìn, a sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa níbi àpèjẹ pàápàá: yìnyín ń yọ́, ọ̀nà tuntun ń là, ọkọ̀ òkun yóò máa gba ibẹ̀ lọ sí Ṣáínà àti Japan, iṣẹ́ yóò pọ̀, owó yóò wọlé, kí Kánádà tètè lọ ri àsíá rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbà á. Àwa kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. A ní ọ̀nà náà kì í ṣe ẹ̀bùn. A ní òkun náà ní olówó. A sì ní bí gbogbo ayé bá ń pàtẹ́wọ́ fún irú ìpín bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a ro ẹjọ́ wa.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń jà lé lórí. Èkíní gba etí òkun Rọ́ṣíà, láti ìhà Nọ́wè títí dé ojú omi Bering tó ya Rọ́ṣíà kúrò lára Alaska. Èkejì gba àárín àwọn erékùṣù òkè Kánádà kọjá. Ó lé ní irinwó ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí èkejì yìí. Ní 1845, John Franklin kó ọkọ̀ méjì, Erebus àti Terror, lọ síbẹ̀. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ 129, ẹyọ ẹnì kan kò padà nínú wọn. Roald Amundsen, ará Nọ́wè, ló kọ́kọ́ fi ọkọ̀ la ọ̀nà náà já, láti 1903 sí 1906, lẹ́yìn tó ti jókòó ti àwọn Inuit, tí wọ́n kọ́ ọ ní bí a ṣe ń wọ aṣọ awọ àti bí a ṣe ń fi ajá wọ́ ẹrù lórí yìnyín. Ẹni tó béèrè lọ́wọ́ onílé ló là á já.

Yìnyín ló ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ nígbà náà. Láti 1979 ni àwọn sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n láìdáwọ́ dúró. Ní oṣù September, nígbà tó máa ń kéré jù lọ lọ́dún, nǹkan bí mílíọ̀nù méje kìlómítà níbùú lóròó ló máa ń bò ní àwọn ọdún 1980. Ní September 2012 ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí mílíọ̀nù 3.4. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ọdún kan tó padà sí bó ti wà tẹ́lẹ̀. Èédú, epo àti gáàsì tí ayé ń sun ló mú ooru náà wá.

Àwọn tó ń polówó ọ̀nà tuntun yìí a máa sọ pé ìrìn àjò láti Rotterdam dé Yokohama, tó lé ní 20,000 kìlómítà bí a bá gba Súẹ́sì, yóò fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù bí a bá gba òkè Rọ́ṣíà. Òótọ́ ni, lórí àwòrán ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ kì í dì. Òkun ló ń dì. Ní 2018 ilé iṣẹ́ Maersk fi ọkọ̀ Venta Maersk dán ọ̀nà náà wò, wọ́n sì sọ pé àwọn kò rí i bí ohun tó lè rọ́pò ọ̀nà tí àwọn ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Ní 2019, CMA CGM, MSC àti Hapag-Lloyd, tí wọ́n wà lára àwọn tó tóbi jù nínú òwò ọkọ̀ òkun, kéde pé àwọn kò ní gba ibẹ̀. Ààrẹ Putin pàṣẹ ní 2018 pé kí ẹrù tó ń gba etí òkun Rọ́ṣíà tó 80 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ní 2024. Nígbà tí 2024 dé, nǹkan bí 38 mílíọ̀nù ni. Ẹ fi wé Súẹ́sì, tí ẹrù tó lé ní bílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù gbà kọjá ní 2023.

Kí wá ni ọ̀pọ̀ nínú ẹrù etí òkun Rọ́ṣíà yẹn? Epo àti gáàsì ni, tí Rọ́ṣíà ń wà láti ilẹ̀ òtútù tirẹ̀. Epo àti gáàsì tí ayé sun ló yọ́ yìnyín. Ọ̀nà tó là nígbà tí yìnyín yọ́ ni wọ́n ń gbà kó epo àti gáàsì mìíràn jáde láti lọ sun. Ẹ sọ fún wa, ṣé èrè nìyí?

Ọ̀rọ̀ náà ju ti ọjà lọ, ti àṣẹ ni. Ní August 2007, ọkọ̀ abẹ́ omi Rọ́ṣíà lọ ri àsíá onírin mọ́ ìsàlẹ̀ òkun ní ṣóńṣó àríwá ayé. Ní January 2018, Ṣáínà, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò fara kan Òkun Arctic níbì kankan, pe ara rẹ̀ ní aládùúgbò Arctic, ó sì kéde pé Ọ̀nà Sílíkì òun yóò gba orí yìnyín. Ní May 2019, Mike Pompeo, tó jẹ́ akọ̀wé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, dúró ní Finland, ó ní ohun tí Kánádà ń sọ nípa ọ̀nà tó gba àárín erékùṣù rẹ̀ kò bófin mu. Ọdún yẹn kan náà ni Ààrẹ Trump kọ́kọ́ ní òun fẹ́ ra Greenland. Ó tún gbé e dìde ní 2025, bí ẹni pé àwọn ènìyàn tó lé ní 50,000 tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ ọjà orí àtẹ.

Kánádà ńkọ́? Ìjọba Kánádà ní omi àárín erékùṣù òun, omi inú ilé òun ni. Amẹ́ríkà ní ọ̀nà gbogbo ayé ni. Ní 1969, ọkọ̀ epo Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Manhattan gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e Kánádà ṣe òfin láti dáàbò bo omi náà lọ́wọ́ ìdọ̀tí ọkọ̀. Ní 1985, Polar Sea, ọkọ̀ afọ́yìnyín ìjọba Amẹ́ríkà, tún kọjá láìtọrọ àyè. Lọ́dún kan náà Kánádà fa ìlà yí gbogbo erékùṣù náà ká. Wọ́n ṣe àdéhùn ní 1988 pé ọkọ̀ afọ́yìnyín Amẹ́ríkà yóò máa gba àyè kó tó wọlé, ṣùgbọ́n oníkálukú di ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mú.

Nínú ìjà yìí, àwa gbà pé Kánádà ló jàre. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rí tí Kánádà mú wá sí ilé ẹjọ́ ayé? Àwọn Inuit ni. Àdéhùn Nunavut ti 1993 sọ ọ́ kedere pé lílò tí àwọn Inuit ti ń lo omi náà wà lára ohun tó gbe ẹ̀tọ́ Kánádà lẹ́sẹ̀. Ohun tí àwa ń pè ní òkun dídì, ilẹ̀ ni lójú tiwọn: orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń dọdẹ, ibẹ̀ ni ọ̀nà tó so ìlú kan pọ̀ mọ́ èkejì. Àwọn ni ẹlẹ́rìí. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi ojú ẹlẹ́rìí náà rí.

Ní 1953 àti 1955, ìjọba kó àwọn ìdílé Inuit kúrò ní Inukjuak, ní àríwá Quebec, lọ sí Resolute Bay àti Grise Fiord, nǹkan bí 2,000 kìlómítà sí òkè. Wọ́n ní ẹran ọdẹ pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá wù láti padà lè padà lẹ́yìn ọdún méjì. Wọ́n já àwọn ènìyàn yìí sílẹ̀ síbi tí òòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà òtútù, tí wọn kò mọ ẹran ibẹ̀, tí wọn kò mọ ojú ọ̀nà ibẹ̀, inú àgọ́ sì ni wọ́n kọ́kọ́ wà. Ìlérí pípadà kò ṣẹ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn sọ pé òpó àsíá ni ìjọba fi àwọn ṣe, kí ayé lè rí i pé ọmọ Kánádà ń gbé òkè lọ́hùn-ún. August 2010 ni ìjọba tó tọrọ àforíjì, lẹ́yìn ọdún 57.

Ẹ̀yin ará wa, ṣé ìtàn yìí kò jọ ti ẹnì kan lójú yín? Ní 1861, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wà lójú omi Èkó nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé ìlú rẹ̀ fún wọn. Láti November 1884 títí di February 1885, àwọn aṣojú ìjọba òyìnbó jókòó ní Bérlíìnì. Bí ọkọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè yóò ṣe máa rìn fàlàlà lórí odò Ọya àti odò Congo wà lára ohun tí wọ́n jíròrò, kò sì sí ọmọ Áfíríkà kan lórí àga níbẹ̀. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà tó gbé Kétu sí ọ̀dọ̀ Faransé, tó ya ọmọ ìyá kúrò lára ọmọ ìyá. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà omi àti òmìnira òwò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Báwo ni àwa yóò ṣe rí ejò gan-an ká máa fà á mọ́ra?

Àwọn kan ní, "Àlejò ni wá, àlejò lójú, kò fi ríran." A dá wọn lóhùn pé àlejò kì í san owó orí, kì í sì í dìbò. Àwa ń ṣe méjèèjì. Owó wa wà nínú ọkọ̀ ogun tí Kánádà ń kọ́ fún òkè àríwá. Bí a bá ń sanwó, ẹnu wa náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn mìíràn ní bí a bá ń pariwo Inuit, a ó sọ Kánádà di ọ̀lẹ lójú Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Òfin Òkun ti 1982, ní ẹsẹ̀ 234, fún orílẹ̀-èdè tó wà létí òkun láṣẹ láti ṣòfin lórí ìdọ̀tí ọkọ̀ níbi tí yìnyín bá bò fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ẹ kíyè sí i: yìnyín ni òfin náà fẹ̀yìn tì. Bí yìnyín ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ òfin náà ń mì. Nígbà tí yìnyín bá lọ tán, kí ni yóò kù láti jẹ́rìí fún Kánádà? Ènìyàn ni. Ìjọba tó bá fi ìyà jẹ ẹlẹ́rìí tirẹ̀ ń ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Àwọn ẹ̀kẹta ní ọ̀rọ̀ yìnyín kò kan ènìyàn dúdú. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Lóòótọ́, yìnyín tó ń léfòó lójú òkun kì í mú kí òkun kún bó bá yọ́. Ṣùgbọ́n ooru kan náà ló ń yọ́ yìnyín orí ilẹ̀ Greenland, èyí sì ń ṣàn wọ inú òkun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé yín tó ń gbé etí òkun Èkó bóyá òkun tó ń ga sí i kò kàn wọ́n.

A kò sọ pé kí ọkọ̀ má gba ibẹ̀ mọ́ láéláé. Àwọn Inuit fúnra wọn nílò ọkọ̀. Ọkọ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ ẹrù wọn wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí onílé máa dá sí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Ẹ wo Pond Inlet, níbi tí ọkọ̀ tó ń kó òkúta irin Mary River ń gba ojú omi àbùùbùtán oníwo tí wọ́n ń pè ní narwhal. Àwọn ọdẹ ní ẹran náà ń sá fún ariwo ọkọ̀. Ní February 2021, nínú òtútù burúkú, àwọn ọdẹ kan dínà ibi ìwakùsà náà. Ní November 2022, ìjọba kọ̀ láti jẹ́ kí iṣẹ́ náà di ìlọ́po méjì. Ẹnu tí a kò pa mọ́ ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ sì kù. Ní August 2018, ọkọ̀ Akademik Ioffe, tó kó arìnrìn-àjò afẹ́, gun ilẹ̀ nítòsí Kugaaruk. Ìkejì rẹ̀ tó wà ní agbègbè náà ló wá kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́? Láti July 2024, òfin àgbáyé ti ka epo ọkọ̀ dúdú tó nípọn léèwọ̀ ní Òkun Arctic, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti máa sun ún lọ títí di July 2029. Bí epo yẹn bá dà sí abẹ́ yìnyín, ta ni yóò gbọ́n ọn?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ìdílé inú ẹgbẹ́ wa. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin agbègbè yín pé kí Kánádà má ṣe fún ọkọ̀ kankan láyè mọ́ lórí epo dúdú náà lẹ́yìn 2029, kí ó sì fi òfin ti ẹnu àwọn Inuit lẹ́yìn lórí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà àti ìgbà tó lè gbà á. Nígbà tí olóṣèlú bá wá kan ilẹ̀kùn yín fún ìbò, tó ń sọ̀rọ̀ àsíá àti ọkọ̀ ogun, ẹ bi í léèrè ilé àti omi mímu fún àwọn tó ń gbé Resolute Bay àti Grise Fiord. Ẹ sì jókòó ti àwọn ọmọ yín. Wọ́n ń kọ́ ìtàn Franklin ní ilé ìwé. Ẹ sọ ìtàn Inukjuak fún wọn, kí ẹ sì fi ti Kétu lé e. Ọmọ tó bá gbọ́ méjèèjì pọ̀ kò ní dàgbà di ẹni tí yóò máa wọn ilé onílé fún títì nígbà tí iná ṣì ń jó.