Àjèjì Ọwọ́ Kan Kò Gbé Gẹdú

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kó gẹdú láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá sí ilé ìlagi l'Óṣogbo ló ká wa lára. Àwọn ọ̀gá kan ń dá awakọ̀ tírélà nìkan rán lọ sígbó. Wọ́n ní ẹnì kan tó o.

Lóòótọ́, bí a bá fi òpó méjì ti ara tírélà, tí a ta okùn yí gẹdú ká, ẹnì kan lè fi ẹ̀rọ fà á gòkè. Ṣùgbọ́n gẹdú tútù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó fẹ̀ ní 2, lè tó tọ́ọ̀nù kan. Bí okùn bá já, ta ni yóò pariwo pé "Yà"? Bí a bá ń tú ṣéènì láti já ẹrù, ta ni yóò máa wo òdì kejì? Ẹni tí gẹdú tẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú igbó kò lè rìn lọ wá olùrànlọ́wọ́.

Òfin ọdún 2010 ní kí ọ̀gá máa san, ó kéré tán, náírà 1 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF nítorí ìfarapa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fara pa, kó fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14. Ó dára, ṣùgbọ́n owó kì í hu ẹsẹ̀.

Alágbára má mèrò ni baba ọ̀lẹ. Ẹni tó bá dá a ṣe lónìí ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kejì lọ́la. Bí wọ́n bá dá ọ rán, kọ̀ ọ́, kí o sì wá sọ fún akọ̀wé ẹ̀ka wa. A ó bá ọ lọ.