KÍ Ẹ TÓ FI KÚN AGBÁRA ẸŃJÌNNÌ, Ẹ WO BÍRÉÈKÌ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kan àwa tí a ń di sípánà mú, ó kan àwọn awakọ̀ wa, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó ṣì ń lo Peugeot 504 àtijọ́, pàápàá wágọ̀nù tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn. Ọkọ̀ tuntun ti kọjá agbára òṣìṣẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń sọ fún mẹkáníìkì pé, “Bá mi fi kún agbára ẹ́ńjìnnì yìí.” N kò bá wọn jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a mọ irú agbára tí à ń wá, kí a sì mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀.

Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Ẹ́ńjìnnì 1,796 sísì ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i. Nígbà tó di 1970, èyí tó jẹ́ 1,971 sísì dé. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa ni wọ́n sì fi ń to 504 níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ tó lágbára ni, ṣùgbọ́n ó wúwo. Wágọ̀nù náà ti ju tọ́ọ̀nù kan lọ kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Bí ènìyàn méje bá wọlé, tí a ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí kílò 70, kílò 490 nìyẹn, a kò tíì ka ẹrù.

Ọkọ̀ tó wúwo báyìí kò nílò ẹ́ńjìnnì tí ń ké bí ti eré ìje. Nínú ìlú, a ó rìn díẹ̀, a ó dúró, a ó tún ṣí. Agbára tí yóò fi ṣí kúrò lójú kan, tí yóò sì fi gun òkè Mọ́kọ́lá láì kọ́, ni ó nílò, agbára yẹn sì gbọ́dọ̀ ti wà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá fi káńṣáfù eré ìje sí i, ẹ ti kó agbára náà lọ síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí kíkankíkan. Nísàlẹ̀, ọkọ̀ á máa kọ́, epo á sì máa lọ lásán.

Kí ni ká ṣe nígbà náà? Ká kọ́kọ́ gba ohun tí ẹ́ńjìnnì ti pàdánù padà. Ẹ wọn kọ́mpíréṣọ̀n sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀kan bá lọ sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ohun mìíràn. Ohun rere kan nínú ẹ́ńjìnnì 504 ni pé sílíìfù rẹ̀ ṣeé yọ: a lè pààrọ̀ sílíìfù àti písítìnì, kí búlọ́ọ̀kù sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún tápẹ́ẹ̀tì sẹ́ẹ̀tì, ẹ wo pọ́lọ́ọ̀gì àti tàímù, ẹ fọ kábúrétọ̀, ẹ sì rí i pé sáiléńsà kò dí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń wá ẹ́ńjìnnì míràn kiri Ladípọ̀ ni ìbá ti dá dúró níbí yìí. Bí ó bá jẹ́ 1,796 ló wà nínú ọkọ̀ yín tí kò sì tó, 1,971 tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ni kí ẹ wá, irú èyí tó wà nínú 505 tó jáde ní 1979 náà. Ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn tó.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má bínú sí mi: àṣà pé kí a máa yọ tẹ́mósítátì jù sígbó kò dára. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná dé ìwọ̀n rẹ̀ ń jẹ epo, ó sì ń yára jẹ ara rẹ̀. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ta ló lówó ìyẹn? Bí ọkọ̀ bá ń hó, rẹdiétọ̀ ni kí ẹ fọ̀, kí ẹ sì wo fáànù.

Wàyí o, bíréèkì. Ti iwájú wágọ̀nù jẹ́ dísìkì, ti ẹ̀yìn jẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Bí eré ọkọ̀ bá kúrò ní kìlómítà 80 bọ́ sí 100 ní wákàtí, eré fi ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe kí ọkọ̀ tó dúró á fi ju ìdajì lọ lé sí i. Epo bíréèkì tó ti gbó a sì máa fa omi mọ́ra. Bí ó bá gbóná, omi á hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ á kàn wọlẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára lórí bíréèkì tó ti kú, pàkúté ni.

Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, àwọn ọ̀gá ní kí a gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sí wágọ̀nù tí ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ lọ sílé. Wọ́n rówó ẹ́ńjìnnì, wọn kò rówó bíréèkì. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kọ̀ tí kò dúró nísàlẹ̀ òkè, tó lọ dùbúlẹ̀ sí kòtò, a dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ìwé kúẹ́rì kò lọ bá ẹni tó fọwọ́ sí owó. Mẹkáníìkì àti awakọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé: bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún yín, kí ẹ́ńjìnnì, rẹdiétọ̀, bíréèkì àti táyà wà lórí ìwé kan náà, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kan. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ wá bá aṣojú yín. Ẹlòmíràn á ní, “Owó dà?” Bí owó bá tó ohun kan ṣoṣo, bíréèkì ni kí ẹ fi ṣe. Ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́jẹ́ á délé, bó pẹ́ bó yá.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ mú 504 yín. Ìṣọ̀kan wa kò ní tú o.

— Aṣojú Òṣìṣẹ́, Ẹ̀ka Ọkọ̀